Owó Wúrà Inú Ìṣẹ́tí Aṣọ

Wọ́n ti kó àwọn ẹ̀rọ tí a fi ń ka fíìmù ìwé àtijọ́ kúrò. Láìpẹ́ yìí ni mo yà sí ilé ìkàwé kan ní ìlú kékeré tó wà lẹ́bàá Boston, mo sì gba ẹ̀yìn lọ sí yàrá tí mo mọ̀ bí ẹni mowó, èyí tí wọ́n máa ń fi aṣọ dúdú bo fèrèsé rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má bàa pa ohun tí a ń wò lórí ẹ̀rọ. Àga onírọ̀rí ni mo bá níbẹ̀, àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń gba iná sí fóònù. Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí tábìlì kò kọ́kọ́ mọ ohun tí mò ń béèrè. Nígbà tó yé e tán, ó rẹ́rìn-ín, ó ní gbogbo rẹ̀ ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Òótọ́ ló sọ. Ìjọ Mormon ní Salt Lake City, tó ti ń ya ìwé ìdílé oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè sí fíìmù láti 1938, ló máa ń fi fíìmù náà ránṣẹ́ sí àwa tá a bá béèrè fún un. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2017 ni wọ́n dáwọ́ iṣẹ́ yẹn dúró. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí baba ńlá rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, orí ibùsùn ló ti máa wò ó.

Ẹni tí kò bá lo ẹ̀rọ náà rí kò lè mọ wàhálà tó wà níbẹ̀. Àpótí irin ńlá ni, ó ga ju orí ẹni tó bá jókòó sídìí rẹ̀ lọ, ó la ẹnu sílẹ̀, pátákó funfun sì wà nísàlẹ̀ inú rẹ̀ tí àwòrán ìwé máa ń bọ́ sí. A ó fi fíìmù kọ́ ẹ̀gbẹ́ kan, a ó ki ẹnu rẹ̀ bọ abẹ́ gíláàsì, a ó wá máa fọwọ́ yí irin kan. Bí a bá rọra yí i, ojú ìwé kan á kọjá, òmíràn á tẹ̀ lé e. Bí a bá yí i kíákíá, odidi ọdún mẹ́wàá á fò lọ fìrì, òòyì á sì kọ́ wa. Súìtì atalẹ̀ ni ìyá ìyàwó mi máa ń kó sínú báàgì nítorí òòyì yìí. Fíìmù tó bá ti gbó máa ń rùn kíkan, òórùn náà á sì bá wa délé nínú aṣọ.

Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí, Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí mi ní 1950. Kí ló wá kàn mí nínú ọ̀rọ̀ ará Ireland? Ìyàwó ló fà á. Mo dé Boston láti wá kàwé ní 1975, ọdún kan lẹ́yìn tí Adájọ́ Arthur Garrity dájọ́ pé kí wọ́n má ya ọmọ dúdú sọ́tọ̀ mọ́ ní ilé ìwé ìjọba, tí wọ́n wá ń fi bọ́ọ̀sì kó àwọn ọmọ láti àdúgbò kan lọ sí òmíràn, tí àwọn ará South Boston sì ń ju òkò lu bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ dúdú. Àwọn tí baba wọn ti Ireland wá ló pọ̀ jù ní àdúgbò yẹn. Àárín wọn ni mo ti lọ fẹ́yàwó. Bàbá ìyàwó mi kò wá síbi ìgbéyàwó wa ní 1980. Màmá wá, ó dé fìlà aláwọ̀ ewé, ó jókòó sí ìlà iwájú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èmi àti ẹ̀ ò ju kíkí lọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe wà fún ìgbà pípẹ́. Màmá ni mò ń pè é. Kò ní kí n má pè é bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú ní 1988 ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìyá ìyá rẹ̀. Kò mọ ọkọ̀ wà, gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀ ló sì níṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Èmi nìkan ni ọwọ́ mi dilẹ̀. Bí mo ṣe di awakọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, inú mọ́tò ni mo máa ń dúró sí tí mo máa ń ka ìwé ìròyìn. Òtútù ló lé mi wọlé lọ bá a.

Agolo bísíkíìtì kan ni gbogbo ẹrù tó fi bẹ̀rẹ̀. Fọ́tò kan wà níbẹ̀, ìwé àdúrà kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, káàdì ìsìnkú kan, àti ìwé tí ọkọ ìyá àgbà fi di ọmọ Amẹ́ríkà, tí kò sọ ju pé Ireland ló ti wá. Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, nítorí títí di 1922, ọmọ ilẹ̀ tí ọkọ bá jẹ́ ni òfin Amẹ́ríkà fi ń ka ìyàwó náà sí. Ìyókù, ẹnu ló wà. Ìtàn ẹbí ni pé ìyàn ló lé ìyá àgbà kúrò ní Mayo. Pé òun nìkan ló dá wọkọ̀ ní Queenstown, ní gúúsù Ireland. Pé owó ara rẹ̀ ló san. Àti pé owó wúrà kan tó rán mọ́ inú ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀ ayé ní Boston. Kò tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí Màmá bá dé ibẹ̀ yẹn, á fi ìka kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì.

Kì í ṣe pé kò mọ ìyá àgbà. Ọdún 1938 ni obìnrin náà kú, Màmá sì ti di ọmọ ọdún 14 nígbà náà. Ó rántí pé tíì rẹ̀ máa ń dúdú kirikiri. Pé tèèpo tèèpo ló máa ń se pòtétò, á dà á sórí aṣọ láàárín tábìlì kí oníkálùkù máa fọwọ́ bó tirẹ̀. Pé èdè kan tí àwọn ọmọ ò gbọ́ ló fi máa ń gbàdúrà rósárì. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló ń sọ, á ní kò sí nǹkan kan. Kó tó lọ́kọ, ọmọ ọ̀dọ̀ ni ó ṣe nílé àwọn olówó ní Beacon Hill. Àwọn ọmọbìnrin Ireland pọ̀ nínú iṣẹ́ náà débi pé ọ̀pọ̀ ìyá ilé kì í bi wọ́n ní orúkọ, Bridget ni wọ́n ń pe gbogbo wọn. Ìyá àgbà ò jẹ́ Bridget. N ò ní dárúkọ rẹ̀ gan-an níbí, nítorí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ wà láàyè, ẹnu wọn ò sì kò.

Ilé tí ìjọba àpapọ̀ ń kó ìwé àtijọ́ sí ní Waltham ni a kọ́kọ́ máa ń lọ. Ìwé ìkànìyàn Amẹ́ríkà ló wà níbẹ̀, ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, ṣùgbọ́n a kì í kàn ṣí i kí a máa wá orúkọ. Soundex la máa ń bá wọlé. Wọn á mú lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ, wọn á gé fáwẹ̀lì dànù, wọn á sọ kọ́ńsónáǹtì tó kù di nọ́ńbà mẹ́ta. Sullivan á di S415, Murphy á di M610, O'Brien á di O165. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni pé àwọn akànìyàn máa ń kọ orúkọ bó ṣe dún létí wọn, ẹni tó sì ń dáhùn lẹ́nu ọ̀nà lè máà mọ̀wé. Mo fi orúkọ Yorùbá dán an wò lọ́jọ́ kan tí ọwọ́ mi dilẹ̀. Òjó di O200. Òkè náà di O200. Ògo, O200. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kì í ṣe ará ilé wa là ń wá.

Bí èmi, aláwọ̀ dúdú, ṣe jókòó sídìí ẹ̀rọ yẹn máa ń yà àwọn èèyàn lẹ́nu. Bàbá kan tí òun náà wá wá ẹbí tirẹ̀ fọwọ́ kàn mí léjìká, tìfẹ́tìfẹ́, ó ní fíìmù orúkọ àwọn ẹrú wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀hún yẹn. Mo dúpẹ́. Mo ní ará Mayo ni mò ń wá. Ó wo ojú mi, ó wo ẹ̀rọ, ó tún wo ojú mi. Màmá ò tiẹ̀ gbórí sókè nídìí ẹ̀rọ tirẹ̀. Ó kàn ní, "Tèmi ni."

A rí ìyá àgbà nínú ìwé 1900, 1910 àti 1920. Ti 1890, tí ì bá fi hàn wá ní ìyàwó tuntun, iná ba púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ní Washington ní 1921, wọ́n sì da èyí tó kù nù nígbà tó yá. Ní 1900, ìyá àgbà ní ẹni ọdún 31 lòun. Ní 1910 ó di 39. Ní 1920 ó di 47. Ogún ọdún kọjá lórí gbogbo ayé, 16 péré ló kọjá lórí tirẹ̀. Màmá rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ní Ireland, òdìkejì ni wọ́n ṣe. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í san owó arúgbó ní January 1909 fún ẹni tó bá ti pé ẹni 70 ọdún, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ṣàdédé darúgbó, ìwé ìkànìyàn 1901 àti 1911 sì wà níbẹ̀ tó ń jẹ́rìí sí i. Ẹni tí kò bá ní ìwé ọjọ́ ìbí, wọ́n á bi í bóyá ó rántí òru Ìjì Ńlá, èyí tó jà ní ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní ọdún 1839. Èyí ò ṣàjèjì sí mi. Ogun Adùbí ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí àbúrò bàbá mi títí ó fi kú, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè ìwé.

Àyè kan wà nínú ìwé 1910 tí mi ò retí. Wọ́n ń bi àwọn abiyamọ pé ọmọ mélòó ni wọ́n bí, mélòó ló wà láàyè. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i, mo sì fẹ́ yí irin náà kọjá. Màmá ní kí n dúró. Mẹ́jọ, márùn-ún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn àǹtí àti àwọn bọ̀dá ìyá rẹ̀ sórí ìka, ìyá rẹ̀ náà wà nínú wọn. Wọ́n jẹ́ márùn-ún. Kò tíì gbọ́ nípa àwọn mẹ́ta yòókù rí láyé rẹ̀. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Mo wà nílé nígbà tí àwọn akànìyàn wọlé wa l'Abẹ́òkúta ní 1963, mo rántí bí ìyá bàbá mi ṣe wò wọ́n. Ó ní, "Ẹ fẹ́ kà wọ́n ṣe kí ni?" Wọ́n sì lọ kọ iye tó wù wọ́n. Ìyá àgbà, lẹ́nu ọ̀nà ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Dorchester, ti dá akọ̀wé ìjọba lóhùn. Ó sọ fún àjèjì ohun tí kò sọ fún àwọn ọmọ tirẹ̀.

Láti ibẹ̀ ni Màmá ti yí padà. Ṣáájú ìgbà yẹn, ibi tí ìyá àgbà ti wá ló ń wá. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, ó fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Mayo tóbi. Àwọn ará Ireland fúnra wọn máa ń fi "kí Ọlọ́run gbà wá" kún orúkọ rẹ̀ tí wọ́n bá ń pè é, nítorí òṣì ibẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ Ireland pín sí abúlé àti oko tó lé ní 60,000, ẹni tí kò bá sì mọ orúkọ abúlé, pàápàá jù lọ orúkọ ìjọ Kátólíìkì tó wà níbẹ̀, ńṣe ló ń wá abẹ́rẹ́ nínú òkun. Nínú ìwé ikú rẹ̀ la ti rí orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀, nítorí ìjọba Massachusetts máa ń kọ ìyẹn sílẹ̀. Ibi tí wọ́n ti bí i? Ireland.

Ibi tí mo ti wúlò jù ni ìwé ìrìbọmi. Látìn ni àwọn àlùfáà fi kọ ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì gé ọ̀rọ̀ kúrú bó ṣe wù wọ́n: John di Joannes, James di Jacobus, Nora di Honora. Àwọn ọmọ Màmá ò lè kà á. Èmi, tí mo gbé àwo tùràrí lẹ́yìn Fadá nígbà tí Mísà ṣì wà ní Látìn, tí wọ́n sì fi pàṣán kọ́ mi ní Látìn nílé ìwé, mo ń kà á fún un geerege. Ó máa ń ti àga rẹ̀ mọ́ tèmi. Àwọn ará Ireland wà lára àwọn Fadá tó kọ́ wa. Pàṣán yẹn wá ń so èso fún ọmọ ìyá wọn kan ní Massachusetts. N ò rò pé ohun tí wọ́n ní lọ́kàn nìyẹn.

Orúkọ tó jọra ló dá wa dúró. Wọ́n máa ń sọ ọmọkùnrin àkọ́kọ́ ní orúkọ bàbá bàbá rẹ̀, wọ́n á sọ ọmọbìnrin àkọ́kọ́ ní orúkọ ìyá ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò á ṣe bí ọmọ tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà nínú abúlé kan náà. Màmá kọ lẹ́tà sí àwọn àlùfáà ìjọ ní Mayo, ó máa ń fi dọ́là mẹ́wàá sínú rẹ̀. Ọ̀kan fèsì pẹ̀lú gègé aláwọ̀ búlúù. Ó ní òun rí ọmọbìnrin méje tó ń jẹ́ orúkọ yẹn, pé omi ti ba ojú ìwé kan jẹ́, pé òun ti fi dọ́là mẹ́wàá náà ṣe Mísà fún gbogbo àwọn méjèèje. Màmá fi lẹ́tà yẹn sínú agolo bísíkíìtì.

Bí a bá sì fẹ́ lọ bá ìwé ìkànìyàn Ireland fúnra rẹ̀, èyí tó ṣáájú 1901, òfìfo la ó bá. Ìjọba ló pa ti 1861 àti 1871 rẹ́ fúnra rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ni wọ́n lọ ti 1881 àti 1891 pọ̀ nítorí ọ̀wọ́n bébà. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ṣáájú wọn ló jóná ní Dublin, ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1922, nígbà tí àwọn ọmọ Ireland ń bá ara wọn jà, tí ilé tí wọ́n kó ìwé orílẹ̀-èdè sí ní Four Courts bú gbàmù, tí bébà ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan sì ń fò lójú ọ̀run. Màmá kì í sọ̀rọ̀ ìṣèlú Ireland. Ṣùgbọ́n bó bá rántí iná yẹn, á bú ìhà méjèèjì tó jà, orúkọ orúkọ, láìbọ̀wọ̀ fún akọni kankan.

Ohun tí a kò rí ni ó jẹ́ kí a máa rí ti ẹlòmíràn. Ìwé ìròyìn Kátólíìkì kan wà ní Boston tó ń jẹ́ The Pilot, tó gbé ìkéde àwọn tó ń wá ènìyàn wọn jáde láti 1831 títí di 1921. Aya ń wá ọkọ tó lọ ṣiṣẹ́ rélùwéè. Àbúrò ń wá ẹ̀gbọ́n. Wọ́n á kọ abúlé rẹ̀, ọdún tó gúnlẹ̀, ibi tí wọ́n ti gbọ́ ìró rẹ̀ kẹ́yìn. Ìyá àgbà kò sí níbẹ̀, kò sì sí ìdí tí ì bá fi wà níbẹ̀, síbẹ̀ Màmá kà á jálẹ̀ odidi ìgbà òtútù kan. Nínú mọ́tò, bí a bá ń bọ̀, ìtàn wọn ló máa ń sọ, á máa ṣèdárò wọn, á máa bi mí bóyá mo rò pé ọkọ yẹn kú ni àbí ó ti fẹ́ ẹlòmíràn ní Ohio. Mo máa ń ní ó ti fẹ́ ẹlòmíràn. Inú máa ń bí i.

Nínú mọ́tò yẹn náà ló ti sọ fún mi nípa àìsùn Amẹ́ríkà. Bí ọmọ bá máa lọ Amẹ́ríkà láyé ìyá àgbà, wọ́n á ṣe àìsùn fún un bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún òkú: ọtí, ijó, ẹkún àwọn ìyá títí ilẹ̀ fi mọ́, nítorí wọn ò retí àtirí i mọ́ láyé. Mo sọ tèmi fún un. Bọ́ọ̀sì háyà ló kó ẹbí wa dé pápákọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà ní 1975, wọ́n gbàdúrà, wọ́n jó, ìyá mi ò sunkún rárá, nítorí ọdún mẹ́rin ni wọ́n fún mi kí n fi kàwé kí n sì padà wálé. Màmá dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé ṣé wọ́n ṣì ń retí mi. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé kí n tó rí èsì fún un.

Ó kú ní 2003 láìmọ orúkọ ìjọ tí wọ́n ti ṣèrìbọmi fún ìyá ìyá rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ fún mi pé ìwádìí àtijọ́ ló lárinrin, mo máa ń rántí èyí. Ìwé tó ń wá wà lórí fíìmù nígbà ayé rẹ̀, nínú ilé kan ní Dublin. Àìrówó wọkọ̀ òfuurufú àti àìmọ abúlé ló jẹ́ kó kú láìrí i. Ní July 2015, ibi ìkówèésí orílẹ̀-èdè Ireland gbé àwòrán ìwé ìrìbọmi Kátólíìkì rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé ìkànìyàn 1901 àti 1911 ti wà níbẹ̀ ṣáájú. Ní 2022, tó pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí Four Courts jóná, wọ́n ṣí ibi kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kó ẹ̀dà àwọn ìwé tó jóná yẹn jọ sí láti ọ̀pọ̀ ilé ìwé àtijọ́ káàkiri ayé.

Àbígbẹ̀yìn wa obìnrin, tó máa ń jẹ bísíkíìtì lábẹ́ tábìlì ní Waltham nígbà tí àwa ń yí irin, ló parí rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan ló fi àwòrán ìwé èrò ọkọ̀ kan ránṣẹ́ sí WhatsApp ẹbí. Ọdún 1883 ni. Ọkọ̀ náà ò kó èrò ní Queenstown. Blacksod Bay ló ti kó wọn, ní etíkun Mayo fúnra rẹ̀. Ìyá àgbà, ọmọ ọdún 16, wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan: bàbá, ìyá, àti ọmọ mẹ́fà. Kékeré inú wọn jẹ́ ọmọ ọdún méjì, ọkùnrin, tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ rẹ̀ rí ní Boston. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ọkùnrin fèsì kíákíá pé ẹbí mìíràn nìyẹn. Ìṣẹ́jú díẹ̀, ọmọ mi fi ìwé ìrìbọmi sí i, Látìn, orúkọ ìyá sì bá ti inú ìwé ikú mu rẹ́gí. Mo kà á fún wọn. Látìn yẹn ò tíì kúrò lórí mi.

Kí ló gbé odidi ìdílé dé inú ọkọ̀ yẹn? Ìyàn tí gbogbo ayé mọ̀, ti 1845 sí 1852, tó pa nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn, ti kọjá kí wọ́n tó bí ìyá àgbà. Ṣùgbọ́n pòtétò tún bàjẹ́ ní 1879. James Hack Tuke, ọmọ ìjọ Quaker láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ti fi ojú ara rẹ̀ rí ìyà Connacht, agbègbè tí Mayo wà nínú rẹ̀, ní 1847, padà wá, ó sì gbà pé kíkó àwọn ìdílé kúrò níbẹ̀ lódindi ló lè gbà wọ́n. Láàárín 1882 sí 1884, ìgbìmọ̀ rẹ̀ san owó ọkọ̀ fún bí 9,500 ènìyàn láti Mayo àti Galway. Ọkọ̀ ńlá wá dúró ní Blacksod láti kó àwọn ará Belmullet àti agbègbè rẹ̀, èrò tó lé ní 3,000, lọ sí Boston àti Quebec. Wọ́n fún wọn láṣọ. Wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn.

Owó àánú, nígbà náà. Obìnrin tí kò tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo mọ ohun tí Màmá ì bá ṣe: ì bá pariwo lé mi lórí nínú mọ́tò, ì bá sì ní kí n wà á padà sí Waltham ká tún un wò. Inú mi ò dùn pé kò rí i, bẹ́ẹ̀ ni inú mi ò dùn láti rò ó pé ó rí i. Àwọn ọmọ rẹ̀ ò ní Waltham kankan láti padà sí. Ìdáhùn ti dé kí wọ́n tó béèrè, kò sí ìgbà òtútù kankan láàárín méjèèjì tí wọn ì bá fi ka ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn, ó sì bá wọn lójijì.

Wọn kọ́ ni ẹbí àkọ́kọ́ tí ìwádìí máa gba ìtàn lọ́wọ́ wọn. Ọmọbìnrin Cork kan, Annie Moore, ni ẹni àkọ́kọ́ tó gba Ellis Island wọ Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ kìíní ọdún 1892. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni gbogbo ènìyàn fi gbà pé ó lọ sí Texas, ibẹ̀ ló kú sí, wọ́n sì ń bọlá fún àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ níbẹ̀. Ní 2006 ni olùwádìí kan, Megan Smolenyak, fi 1,000 dọ́là lọ ẹni tó bá lè bá òun rí ẹ̀rí, kò sì pẹ́ tó fi hàn pé Illinois ni wọ́n bí Annie ti Texas sí, pé Annie gan-an ò kúrò ní New York, pé 1924 ló kú, sàréè rẹ̀ ní Queens ò sì ní òkúta. Wọ́n ti wá fi òkúta sí i báyìí. Àwọn ará Texas ni mo máa ń rò. Ta ló bá wọn jókòó lọ́jọ́ tí wọ́n gba ìyá wọn lọ́wọ́ wọn?

Lọ́jọ́ Ìdúpẹ́ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tún sọ ìtàn owó wúrà fún àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀, ó sì fi ìka kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ mi ní irọ́ ni, ó yọ fóònù. Ariwo sọ. Wọ́n ní kí n dá ẹjọ́ náà nítorí èmi ni mo bá Màmá wá a. Mo sọ fún wọn pé yàtọ̀ sí owó ọkọ̀, ìgbìmọ̀ Tuke máa ń fún àwọn èrò ní owó díẹ̀ tí wọ́n á fi gúnlẹ̀. Ọmọbìnrin ọdún 16 tó ń lọ sí ìlú tí kò mọ ẹnikẹ́ni, bí wọ́n bá fún un ní irú owó bẹ́ẹ̀ dì mọ́wọ́, níbo ni yóò tọ́jú rẹ̀ sí? Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní ẹ ò rí i, owó wúrà wà. Ọmọ mi ní, "Dádì, ẹ ṣe é, owó àánú náà ni." Àwọn méjèèjì tún dojú kọ mí. Mo ní àna lèmi, kí wọ́n bá mi sún àwo tòlótòló wá.